Ṣé ọmọ tí mo fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ ló ba nǹkan ilé mi jẹ́?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo. Ó ní: "Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, mo lọ bá ọmọ mi obìnrin wẹ ọmọ ní Kánádà. Oṣù mẹ́fà ni mo ní lọ́kàn, oṣù mẹ́rìnlá ni mo lò. Ọmọ àbúrò olóògbé ọkọ mi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló wà. Mo ní kó máa gbálẹ̀, kó máa ṣọ́ ilé. Nígbà tí mo dé, jẹnẹrétọ̀ kò tàn, mọ́tò kò mira, bátìrì ìnfátà méjèèjì ti kú, ilé ìwẹ̀ ń rùn, omi ẹ̀rọ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn yàrá mi, ó wọ inú àpótí, ó jẹ ẹtù tí mo ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù lítà 25 tí mo fi sílẹ̀ ti di ààbọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tí mo ń fi ránṣẹ́ fún iná lóṣooṣù, yúníìtì tó ń rà kò tó ìdajì ohun tí mo ń rà tẹ́lẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá a níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọmọ náà ń sunkún, ó ní òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ǹjẹ́ nǹkan lè bàjẹ́ tó báyìí láìjẹ́ pé ẹnì kan lò ó nílòkulò?"

Màmá, ẹ kú àjò, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run yóò dá ọmọ tuntun náà sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó dáhùn, nítorí mo mọ bó ṣe ń rí lára èèyàn tó ti ń fọkàn ro bí òun ṣe máa padà wá sùn sórí ibùsùn ara òun, tó wá jẹ́ pé òórùn burúkú ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àjò ò dùn kónílé má relé, àmọ́ ilé tí ẹ dé bá yìí kò ki yín káàbọ̀. Mo sì mọ̀ pé ohun tó ń dùn yín jù kọjá jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì: ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ tí ẹ fọkàn tán ti dà yín. N kò rí ilé náà, n kò sì rí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ọdún 31 rèé tí mo ti ń tún mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti ìnfátà ṣe, àwọn ilé tí onílé wọn wà lókè òkun sì pọ̀ nínú ibi tí wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan lè bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ńbẹ̀. Kódà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni kò lò wọ́n. Nǹkan méjì péré ni mo rí tí ọmọ náà ní láti dáhùn fún, n kò sì ní fi wọ́n pamọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ní ìdí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀. Ní ọdún 2006, ọkùnrin kan dé láti Jámánì lẹ́yìn ọdún méjì, ó bá mọ́tò Peugeot 504 rẹ̀ tí kò tàn mọ́, ó ní kí n wá wò ó. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí bátìrì tó ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí nǹkan funfun ti bo orí rẹ̀, mo sì là á mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé, "Ọ̀gá, wọ́n ti yọ bátìrì yín, àlòkù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹnu mi yìí ni ọkùnrin náà gbé dání tó fi lé ọmọ ọdún 19 tó ń ṣọ́ ilé jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù kan lẹ́yìn náà ló rí rìsíìtì bátìrì náà nínú àpò ìwé rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì ló wà lára bátìrì. Bátìrì rẹ̀ gan-an ni, ìjókòó lásán ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ọmọ náà títí, wọn ò rí i mọ́. Kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní, òun ni mo sì rántí nígbà tí mo kà á pé ọmọ tiyín ń sunkún.

Ohun tó máa ń ṣì wá lọ́nà ni pé a rò pé ohun tí a tì pa ń sinmi. Èèyàn ló ń sinmi. Ẹ̀rọ tó jókòó, epo inú rẹ̀ ń gbẹ, irin rẹ̀ ń dípẹtà, rọ́bà rẹ̀ ń gan, bátìrì rẹ̀ ń tán díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n lò bà jẹ́ ní ojú tirẹ̀, ohun tó jókòó bà jẹ́ náà ní ojú tirẹ̀, ẹni tó bá ti ń tú wọn tipẹ́ á dá ojú méjèèjì mọ̀ yàtọ̀. Lílò máa ń jẹ irin: písítìnì á họ, ọ́ìlì á dúdú bí èédú, bẹ́líìtì á já, táyà á pá. Ìjókòó ní tirẹ̀ máa ń dí ihò, ó máa ń lẹ irin mọ́ irin, ó máa ń fa omi gbẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú jẹnẹrétọ̀. Àdàpọ̀ oríṣiríṣi epo ni bẹntiróòlù, èyí tó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tètè gbaná. Èyí tó fúyẹ́ yẹn náà ni afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń gbé lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù á máa ki, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á di oje kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, tí òórùn rẹ̀ sì kan bí ọ̀dà tó ti pẹ́ nínú agolo. Nínú kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà tí epo ń gbà kọjá kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Oje yẹn á dí i pa, ẹ ó sì fa okùn títí ọwọ́ á fi bó, kò ní tàn. Nínú ooru tiwa níbí, oṣù mẹ́ta péré ti tó fún un, áḿbọ̀ǹtórí oṣù mẹ́rìnlá. Wàyí o, Màmá, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí rèé: jẹnẹrétọ̀ tí ọ̀dọ́ ń tàn lálaalẹ́ láti fi wo bọ́ọ̀lù kò ráyè dà bẹ́ẹ̀, nítorí epo tuntun á máa gba inú rẹ̀ kọjá. Bí mẹkáníìkì bá tú kábúrétọ̀ náà tó bá oje oyin nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti tan án, ẹ̀rí tó sì dára jù lọ tí ọmọ náà ní nìyẹn. Ẹ tún ní kí wọ́n yọ ìdérí ọ́ìlì, kí wọ́n fi èyí tó wà lára rẹ̀ pa ìwé funfun. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ ọ́ìlì kí ẹ tó lọ, tó sì tún ń mọ́ roro, kò sẹ́ni tó lo ẹ̀rọ náà. Mo tún fẹ́ kìlọ̀ ohun kan. Bí wọ́n bá tún un ṣe tán, tí ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa àmọ́ tí kò gbé iná, ẹnì kan lè sọ fún yín pé wọ́n ti jí kọ́pà inú rẹ̀ tú. Ẹ má gbà á kíá. Òòfà díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sínú irin jẹnẹrétọ̀, òun ló fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá, bó bá sì jókòó pẹ́, òòfà yẹn lè tán. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n á fi bátìrì mọ́tò tó yè ta á jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má san owó kọ́ìlì tuntun kí wọ́n tó gbìyànjú ìyẹn.

Ti mọ́tò kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1859 ni Gaston Planté, ará Faransé, ṣe bátìrì olójé àti ásíìdì tó ṣeé fi iná kún lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀nà tó gbà ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ló ṣì ń gbà ṣiṣẹ́ lónìí nínú mọ́tò yín, pẹ̀lú àbùkù rẹ̀: bí a kò bá tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ń tán fúnra rẹ̀, bí ooru bá sì ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń yá tó. Ẹ fi aago inú mọ́tò àti aláàmù kún un, àwọn náà ń mu díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bátìrì tó kún máa ń ka nǹkan bíi 12.6 fóòtì. Tó bá ti lọ sílẹ̀ tó sì pẹ́ níbẹ̀, nǹkan funfun kan bí iyọ̀ á máa dì mọ́ òjé inú rẹ̀. Bó bá ṣì rọ̀, ṣájà lè tú u. Bó bá ti le, kò sí àdúrà tó lè tú u mọ́. Oṣù mẹ́rìnlá ti pọ̀ jù fún bátìrì tuntun pàápàá. Táyà náà á rọ, bíréèkì ọwọ́ tí ẹ fà kí ẹ tó lọ lè ti lẹ̀ mọ́ irin. Kò sí ọmọ tó ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà tí ẹ lè fojú ara yín rí. Ẹ wá ìwé kékeré tí mẹkáníìkì yín máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì tàbí ara ilẹ̀kùn lẹ́yìn sáfíìsì, tó kọ iye kìlómítà sí, ẹ fi wé ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà. Tó bá súnmọ́ ibi tí ẹ fi í sí, mọ́tò kò jáde. Tó bá jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ló lé, a jẹ́ pé mo ti ṣì í, ẹ sì ní ìbéèrè láti bi í. Kí wọ́n tó gbìyànjú àti tan mọ́tò, ẹ ní kí wọ́n wo àwọn wáyà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dáadáa. Ológbò jáde nílé, ilé dilé èkúté. Mo ti bá ìtẹ́ eku lórí ẹ́ńjìnnì lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú wáyà tó ti rún wómúwómú, iná mànàmáná sì lè ti ibẹ̀ jó mọ́tò.

Bátìrì ìnfátà ló yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ kò sọ bóyá ẹ pa á kí ẹ tó lọ, àmọ́ ó jọ pé ẹ fi í sílẹ̀ nítorí fíríìjì. Bátìrì olómi tó bá wà lórí ìnfátà, ńṣe ni iná ń kún un lọ́sàn-án lóru, omi inú rẹ̀ á máa di afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣí i wò ní oṣù méjì sí mẹ́ta, kó fi omi bátìrì kún un. Bí omi bá lọ sílẹ̀ tí òjé fojú kan afẹ́fẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ dáhùn èyí: ṣé ẹ sọ fún un? Lẹ́tà yín ní ẹ ní kó gbálẹ̀, kó sì ṣọ́ ilé. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní bí á ṣe mọ̀ pé bátìrì ń mu omi.

Òórùn ilé ìwẹ̀ ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ ihò omi ilé ìwẹ̀ àti lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, páìpù máa ń tẹ̀ kọrọdọ, omi díẹ̀ á sì máa dúró sí ibi tó tẹ̀ yẹn. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Alexander Cumming, oníṣẹ́ aago kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ọdún 1775. Omi yẹn ni ìdènà tí kò jẹ́ kí òórùn sọkàwéè gòkè wá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá nígbà ọyẹ́, omi náà á gbẹ, òórùn àti aáyán á rí ọ̀nà. Ẹ da garawa omi kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, kó tó di ọ̀la ẹ ó rí ìyàtọ̀. Omi pupa náà, ìpẹtà àti ẹrẹ̀ tó ti sùn sínú páìpù àti táǹkì ni. Ẹ ṣí ẹ̀rọ kó máa dà nù, kí wọ́n gun orí táǹkì lọ fọ̀ ọ́. Bó bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pe àwọn tó gbẹ́ kànga náà, kí ẹ má sì mu ún kó tó mọ́.

Ti owó iná, mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn ọmọ náà rárá. Nígbà tí ẹ wà lọ́hùn-ún, nǹkan yí padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, láti náírà 68 sí 225. Wọ́n tún dín in díẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àmọ́ kò padà síbi tó wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ní 68 jẹ́ nǹkan bíi yúníìtì 147. Ní 225, 44 péré ni, kí wọ́n tó yọ owó orí VAT. Bí àdúgbò yín bá wà ní Band A, ohun tí ẹ rí nìyẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kó fi àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ hàn yín lórí fóònù rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ra iná ni iye owó, iye yúníìtì àti nọ́ńbà gígùn tí wọ́n ń tẹ̀ sínú mítà máa ń wà pọ̀.

Ó wá ku ikán, Màmá, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ rọra sọ̀rọ̀, nítorí mo rí i nínú lẹ́tà yín pé mọ́tò kọ́ ló dùn yín tó ẹtù yẹn. Ohun tí ikán ń jẹ ni ohun tó di ara igi, ìwé, koríko àti òwú. Òwú ni ẹtù, òwú tí wọ́n rẹ sínú aró. Lójú ikán, oúnjẹ kan náà ni férémù ilẹ̀kùn àti aṣọ ìgbéyàwó. Ara ikán rọ̀, oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń pa á, ìdí nìyẹn tó fi ń fi amọ̀ kọ́ ọ̀nà tóóró lára ògiri, tó ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ síbi tó ti ń jẹun. Òkùnkùn, ìdákẹ́jẹ́ àti ọ̀rinrin ló ń wá, yàrá tí wọ́n tì pa nígbà òjò sì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibí ni ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ní láti dáhùn fún wà. Ọ̀nà amọ̀ tó ti ilẹ̀ dé férémù, tó tún dé inú àpótí, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá ń ṣí yàrá yẹn gbá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ á ti rí i nígbà tó ṣì gùn bí ìka, á sì ti fi ìgbálẹ̀ gbá a dànù. Nítorí náà, kò ṣí yàrá yẹn. Ó lè jẹ́ ọ̀lẹ. Ó sì lè jẹ́ pé yàrá ìyá ni, ojú ń tì í láti wọlé, tàbí pé ẹ ti yàrá náà kí ẹ tó lọ, tí ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Mo ti rí gbogbo rẹ̀. Ẹ bi í, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ti kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Ẹ má tíì ju ẹtù náà nù. Aṣọ òkè kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo láti etí dé etí. Ọ̀já tóóró tóóró ni wọ́n hun, tí wọ́n wá rán pọ̀. Ikán kì í sábà jẹ gbogbo ọ̀já tán. Ẹ gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì níta, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì, ẹ wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ ka ọ̀já tó ṣì pé. Aránṣọ tó mọwọ́ á tú ojú rírán, á yọ èyí tó ti jẹ, á sì rán èyí tó kù pọ̀ di ìborùn tàbí fìlà fún ọmọ tuntun tí ẹ lọ wẹ̀ yẹn. Ní Ìṣẹ́yìn, àwọn ahunṣọ ṣì wà tí ẹ lè mú ọ̀já kan lọ bá, kí wọ́n hun irú rẹ̀ dí àlàfo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ tuntun kò ní bá ti àtijọ́ mu délẹ̀. Bí sányán gidi bá wà nínú àpótí kan náà, ẹ wò ó dáadáa, ó ṣeé ṣe kó yè ju ẹtù lọ, nítorí inú ilé kòkòrò ni òwú rẹ̀ ti wá, ikán kò sì kúndùn rẹ̀.

Ohun kejì ni epo. N kò lè gbà á sílẹ̀ lórí èyí. Epo máa ń dín lóòótọ́, kẹ́ẹ̀gì á wú lọ́sàn-án, á súnkì lálẹ́, bí ìdérí rẹ̀ kò bá sì le dáadáa, á máa sá lọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dé pa kì í dédé di ààbọ̀. Bí wọ́n bá sì bá oje nínú kábúrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ yín kọ́ ló mu ún. Kí ẹ tó lọ, lítà epo kan lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀ta náírà. Nígbà tó máa fi di òpin ọdún 2024, ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan níbi púpọ̀. Nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ebi ń pa, tí kẹ́ẹ̀gì epo sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò, lè bù ú tà. N kò sọ pé ó dáa. Mo ń sọ bó ṣe tóbi tó ni: lítà méjìlá epo, kì í ṣe ilé yín. Ẹ bi í nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì nìkan, láìsí ẹ̀gbọ́n yín níbẹ̀. Èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má dà á sínú jẹnẹrétọ̀ o. Ẹ fún mẹkáníìkì kó fi fọ irin, kí ẹ má sì tún fi bẹntiróòlù sílẹ̀ nínú ilé tí ẹ ń tì pa mọ́. Mo ti rí ilé tó tibẹ̀ jó.

Ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá, n kò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ mi kò sì lè sọ ọ́ fún mi. Mo kàn mọ̀ pé ọmọ ogún ọdún tó ń dá gbé inú ilé ńlá á wá ẹni bá a sùn síbẹ̀ lálẹ́. Ẹ kò sì kọ ọ́ pé ẹ ń fún un ní ohunkóhun yàtọ̀ sí owó iná. Oṣù mẹ́rìnlá lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀, Màmá. Kò sí olè tó wọlé, kò sí ẹni tó jí sílíńdà gáàsì yín tàbí tẹlifíṣọ̀n yín. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un gan-an, pé kó ṣọ́ ilé, ó ṣe é.

Ní ti àtúnṣe, bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, ikán ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí òun nìkan ló ṣì ń bà á jẹ́ lọ báyìí. Ẹ fọ́ ìwọ̀n ìka kan lára ọ̀nà amọ̀ náà, ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá ti dí i, wọ́n wà láàyè níbẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú pa férémù. Èmi kò fara mọ́ ọn: ojú igi ló ń mọ sí, ìtẹ́ wọn wà nílẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì dáa fún yàrá tí èèyàn ń sùn. Ẹ pe ẹni tó ń fín oògùn ikán sí ìdí ògiri, iṣẹ́ yẹn kọjá tèmi, kí ẹ sì ní kí káfíńtà fi Solignum, oògùn tí wọ́n fi ń pa igi nítorí ikán, pa igi tuntun kó tó kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe kábúrétọ̀. Fífọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ má ra tuntun bí kò bá pọn dandan. Bátìrì mọ́tò, kí wọ́n fi ṣájà tó rọra ń kún un sílẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n yọ ọ́, kó jókòó ọjọ́ kan, kí wọ́n wá fi mítà wọ̀n ọ́n. Bó bá wà lábẹ́ 12.4, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ti ìnfátà, mo lè ní kí ẹ fi omi bátìrì kún un kí ẹ gbìyànjú, àmọ́ n kò fẹ́ fún yín ní ìrètí asán. Bí ọ̀kan bá kú tí èkejì yè, méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, nítorí àlòkù á máa fa tuntun sẹ́yìn. Wọ́n á fi bátìrì lithium lọ̀ yín. Ó dára fún ẹni tó ń rìnrìn-àjò, kì í mu omi, kì í sì í tètè tán bó bá jókòó, àmọ́ owó rẹ̀ ga, kì í sì í ṣe gbogbo ìnfátà ló lè kún un bó ṣe yẹ. Ẹ má rà á kí oníṣẹ́ tó yẹ ìnfátà yín wò.

Bí ẹ bá tún ń lọ, ẹ pa ẹnu epo jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó jó èyí tó wà nínú kábúrétọ̀ tán fúnra rẹ̀ títí tó fi máa kú. Ẹ yọ orí bátìrì mọ́tò. Bí kò bá sóhun tí ìnfátà ń gbé, ẹ pa á, kí ẹ sì ṣí fíríìjì sílẹ̀. Ẹ da omi sí ihò ilé ìwẹ̀, kí ẹ sì da ṣíbí òróró ẹ̀pà kan lé e, òróró á léfòó, kò ní jẹ́ kí omi tètè gbẹ. Ẹ fi yàrá kọ̀ọ̀kan hàn ẹni tó ń ṣọ́ ilé, ẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì dá iye kan fún un lóṣù, bó ti wù kó kéré tó.

Ní ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ránṣẹ́ pe ọmọ náà lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì bá ń bọ̀. Ẹ ní kó dúró ti yín nígbà tí wọ́n bá ń tú kábúrétọ̀, kí ẹ jọ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kó mú fóònù rẹ̀ dání, kó ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ iná fún yín. Ọ̀rọ̀ epo yẹn, ẹ fi í sí ìgbà tó bá ti jẹun tán.